Ọwọ́ Tí Mo Fi Jẹ́ Ẹ̀jẹ́ fún Àbẹ̀ní

Abúlé wa, lọ́nà Pobè,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Olúwadára ọmọ mi, Àjíkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Àbẹ̀ní fi sílẹ̀ fún mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú ewu àìsàn, mo kí ọ kú ewu abẹ́rẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú ọjọ́ mẹ́rìnlélógún tí o fi sùn lórí ibùsùn tí kì í ṣe tìrẹ. Mo kí Yọ̀mí ọkọ rẹ tó ń gbé ọ kiri bí ẹyin láti ìgbà tí àìsàn ọmú yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí a gbọ́ ẹkún lójúde rẹ, kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ọ láéláé. Irun orí rẹ tó re yóò hù padà, yóò sì pọ̀ débi pé onídìrí á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Iyọ̀ á máa dùn lẹ́nu rẹ. Ṣe àmín kí o tó ka ìyókù, nítorí mi ò mọ̀ bóyá wàá ṣì fẹ́ ṣe àmín sí àdúrà mi tí o bá kà á tán.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá ò lo fóònù tí Yọ̀mí rà fún un, tó wá ń da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú bírò. Fóònù náà wà, kò bàjẹ́, aṣọ ni mo fi wé e sínú àpótí kí eruku má baà kó sí i lójú. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà nínú rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn, á ṣáà yọjú, á sọ Faransé díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí. Mo ti kí i, mo ti bi í léèrè ilé àti ọkọ, kò dá mi lóhùn rí. Ó dá mi lójú pé gbogbo ohun tí à ń sọ ló ń gbọ́, nítorí kò sí ìgbà tí mo pè tí mi ò bá a níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Yọ̀mí náà ńkọ́, ọmọ dáadáa ni o, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí ó máa tẹ fóònù rẹ̀ kí ohùn mi lè kún gbogbo ilé bí ẹni ń wàásù. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀, ìwé tí a kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà ni mo fi ń kọ ọ́, ìwọ tíṣà, má fi bírò pupa sí i.

Ará ilé ń kí ọ. Òjò ti dá díẹ̀, àgbàdo gbó, ọ̀bọ sì ti jẹ ìpín tirẹ̀ kí a tó dé ibẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú bí mẹ́ta, ọ̀kan kú, méjì tó kù ń jẹ aṣọ mi lórí okùn. Tòkunbọ̀ àbúrò mi ní kí n kí ọ, ó ní òun á wá wò ọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ìwọ náà mọ̀ pé ọwọ́ Tòkunbọ̀ kì í dilẹ̀ àfi nídìí ayò. Àwọn tó ń ya àwòrán fún káàdì ìdánimọ̀ sì wá sí ilé ìwé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n gbé dání, wọ́n ní kí oníkálùkù wá fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́. Ó gba mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi. Nígbà tó kan àtàńpàkò ọ̀tún, ó tan iná pupa. Wọ́n nù ún, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tan iná pupa. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń bá wọn rín in, ṣùgbọ́n òógùn ti bò mí lábẹ́ ẹ̀wù, nítorí mo mọ ohun tí àtàńpàkò yẹn ṣe ní Kútọnu, mo sì rò pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú gbogbo ẹ̀rọ ìjọba. Ẹni tó ń ṣe é ní ojú àpá tó wà níbẹ̀ ló ń dí ẹ̀rọ òun lọ́wọ́, pé kò sí wàhálà, kí n máa lọ. Mi ò tíì gbà á gbọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Dára, ọ̀rọ̀ àtàńpàkò yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà kí n tó wá kí ọ nílé ìwòsàn, mo ń ṣa ẹyìn kúrò lára ìdì lẹ́yìnkùlé, ni ẹ̀gún kan bá gún mi níbẹ̀. Ẹ̀gún ẹyìn kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ń tìtorí rẹ̀ ké. Mo fi ẹnu fà á, mo tutọ́ sí i, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó wú, ó ń ta mí dé ìgbúnwọ́, ó sì ṣọyún. Mo fi àkísà wé e. Tòkunbọ̀ ní kí n da ọtí sódábì díẹ̀ sí i, mo lé e jáde.

Mo bá Àbídéènì wá, awakọ̀ tó máa ń kó ọsàn àti gaàrí wa lọ sí ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Ó já mi sílẹ̀, mo gun alùpùpù sẹ́mì dé ilé ìwòsàn. Ní ẹnu ọ̀nà, ọ̀gbẹ́ni kan gbé ìwé kan jáde, ó ń kà á fún mi ní èdè Gùn, mo ń dá a lóhùn. Ó bi mí pé ṣé mò ń wúkọ́. Mo ní rárá, nítorí ikọ́ tèmi ti lé lọ́dún mẹ́fà, ó ti di ará ilé, a kì í ka ará ilé mọ́ àlejò. Ó bi mí pé ṣé mo ní egbò lára. Mo wo ara mi láti òkè délẹ̀, mo ní rárá. Lójú tèmi, ohun tó bá dá èèyàn dúró lóko là ń pè ní egbò, èyí ò dá mi dúró. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n fi ìyẹn tàn ọ́, nítorí kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni yẹn, mo ti tú àkísà náà, mo ti jù ú sẹ́yìn ògiri. Ẹni tí kò ní ohun tó ń fi pamọ́ kì í tú àkísà.

Mo dé yàrá tí wọ́n fi ìwọ nìkan sí. Mo rí àwòrán ọwọ́ kan lára ilẹ̀kùn, ọwọ́ pupa, ó na ìka márààrún síta. Inú mi dùn. Mo ní ẹ wo àwọn ará Kútọnu, bí kò tiẹ̀ sí ẹni tó máa kí àlejò, wọ́n ti fi ọwọ́ sílẹ̀ dè é. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dáadáa, mo sì bi í léèrè rẹ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé ńṣe ni ọwọ́ yẹn ń sọ pé kí n dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ya kòkòrò tó ń ṣe àwọn aláìsàn lọ́ṣẹ́ sí, ó tóbi tó ọsàn, ìwo yí i ká. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Mo ní ohun tó tóbi tó báyìí, tí ó bá wà lára mi, mo máa rí i.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ wá jáde, Fàdílátù, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó wé ìbòrí funfun. Òun nìkan ló gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi lórí ilẹ̀ lásán, ó ní bàbá òun ń ta aṣọ ní Dantokpa, pé bí òun ṣe rí mi yìí, bí ẹni rí bàbá òun ni. Ó ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́ pé oògùn tí wọ́n ń fà sí ọ lára, bó ṣe ń pa àìsàn ọmú náà ló ń pa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ, pé lọ́sẹ̀ yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹyọ kan tó ń ṣọ́ bodè, pé ohun tí kò lè ṣe èmi ní nǹkan kan lè gbé ọ lọ. Mo ní ṣé wọn ò lè yá díẹ̀ lára àwọn ọmọ ogun tèmi, nítorí ẹ̀jẹ̀ mi pọ̀, mi ò sì ní bá ẹnì kankan jagun mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ ṣeun, Bàbá. Ó fún mi ní ìbòmú, mo wọ̀ ọ́. Ó fún mi ní ẹ̀wù kan tí okùn rẹ̀ wà lẹ́yìn bí ẹ̀wù ọmọ ọwọ́, mo wọ ìyẹn náà, mo ní kí ojú má rí i ní Pobè. Ó wá nawọ́ sí ìgò kan lára ògiri, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n fi ohun tó bá jáde pa ọwọ́ mi méjèèjì títí á fi gbẹ. Mo súnmọ́ ọn. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, òórùn rẹ̀ ti dé imú mi.

Òórùn ọtí ni. Mo mọ òórùn yẹn ju orúkọ ara mi lọ.

O mọ̀ pé mi kì í mutí, ṣùgbọ́n o ò mọ bí ó ṣe jẹ́, nítorí ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà tí ìyá rẹ kú, mi ò sì jẹ́ kí ẹnì kankan sọ ọ́ fún ọ. Mo mu sódábì, Dára. Mo mu ún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń pọn ọ́n fi ń kí mi ní ọ̀gá. Lọ́jọ́ kan tí o lọ sí ilé ìwé, ìyá rẹ gba ife lọ́wọ́ mi, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún yìí gbá a létí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà pọ̀jù. Nígbà tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, ní ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó lọ, ó di ọwọ́ náà mú, ó ní kí n jẹ́jẹ̀ẹ́ fún òun pé ọwọ́ yìí ò ní kan ọtí mọ́. Kò dárúkọ ẹnu, ọwọ́ ló dárúkọ. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ náà. Láti ìgbà náà, mi ò fọwọ́ kan ìgò ọtí, ì báà jẹ́ kí n bá èèyàn gbé e. Níbi ìgbéyàwó rẹ, nígbà tí àwọn àna wa gbé ọtí kalẹ̀, ṣebí ìwọ gan-an rí i pé Tòkunbọ̀ ló bá mi gbà á, tí àwọn àna ń wojú ara wọn. Òróró tí wọ́n fi ọtí pò tí wọ́n ń fi pa eékún, mi ò fi pa á. Ọdún méjìlélógún rèé, ohun kan ṣoṣo tí mo tíì ṣe fún Àbẹ̀ní tí mi ò bà jẹ́ nìyẹn.

Ǹjẹ́ wọ́n wá ní kí n da ọtí sí ọwọ́ yẹn gan-an. Ó yẹ kí n sọ fún ọmọbìnrin náà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kí n ní ọmọ mi, mo jẹ́jẹ̀ẹ́, ṣé kò sí ọṣẹ? Ọṣẹ wà, omi ń bẹ, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ibi tí mo dúró sí, mo rí i nígbà tí mò ń jáde. Ká ní mo sọ̀rọ̀ ni, á fi ọṣẹ fọ̀ mí lọ́wọ́, á rí egbò náà, á sì bò ó. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé tí mo bá ní mo jẹ́jẹ̀ẹ́, á bi mí pé kí ló fà á, màá wá dúró nínú ẹ̀wù ọmọ ọwọ́, màá sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé mo na ìyàwó mi. Ojú tì mí. Mo dúró síwájú ìgò náà, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn láìsí nǹkan kan níbẹ̀. Ó bi mí pé Bàbá, ṣé ẹ ti fi pa á? Mo ní mo ti fi pa á. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo bínú. Mo bi í pé ṣé irú mi ló jọ ẹni tó ń purọ́ ni. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ó sì ṣílẹ̀kùn fún mi.

Oorun ni ò ń sùn nígbà tí mo wọlé. Mo jókòó lórí àga tí Fàdílátù gbé fún mi kó tó jáde. Orí rẹ ti pá gbòlò-gbòlò, o wá jọ bí o ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Mo rí okùn oníhò kékeré tí wọ́n fi sí ọ lábẹ́ egungun ọrùn, èyí tí oògùn ń gbà wọlé, wọ́n fi nǹkan funfun lẹ̀ ẹ́, etí kan sì ti ń ṣí díẹ̀. Mo mọ̀ pé o kì í fẹ́ kí nǹkan máa rí wúruwùru lára rẹ láti kékeré. Mo bá fi àtàńpàkò mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò lẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo dì í mú síbẹ̀ títí mo fi ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run tán, kí ó lè lẹ̀ dáadáa. Ó lẹ̀. Inú mi dùn pé mo rí iṣẹ́ kan ṣe fún ọ. Fàdílátù kò sí níbẹ̀, ìwọ náà ò jí, Ọlọ́run nìkan ló rí mi.

Ọjọ́ kẹta tí mo padà délé ni Yọ̀mí pè mí tó ń sunkún, pé ara rẹ gbóná bí iná, o ń gbọ̀n, o ò dá òun mọ̀ mọ́, pé àwọn dókítà ní kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ, láti ibi okùn yẹn ló sì gbà wọlé. Mo kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ yàrá mi. Mi ò ronú kan àtàńpàkò mi rárá, mo fi Ọlọ́run búra fún ọ, ìgbà yẹn mi ò tíì mọ̀. Kòkòrò tí mo mọ̀, ọsàn ló tó. Yọ̀mí wá bi mí pé nígbà tí ẹ wà níbẹ̀ Bàbá, ṣé ẹ rí i kí nọ́ọ̀sì yẹn fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan okùn náà? Mo ní mi ò rí i. Òótọ́ ni, mi ò rí i, nítorí mi ò wo ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún pè, ó ní ṣé ẹ ní kò fọwọ́? Ọkàn mi gbóná, mo ń wá ẹni tí màá bá jà, mo ní kò fọwọ́. Lọ́jọ́ kẹta, èmi fúnra mi ni mo pè é, mo ní ọmọbìnrin yẹn ò mọ́tótó, mo fi ojú mi rí i. Wo bí irọ́ ṣe ń sanra láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Dára. Yọ̀mí kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀sùn, ó ní bàbá ìyàwó òun ni ẹlẹ́rìí.

Ọgbẹ́ mi kò jinná. Nígbà tí gbogbo ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, mo lọ bá Jímọ́ọ̀ tó ń tọ́jú àwọn èèyàn ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá ọjà wa. Ó tẹ ọyún rẹ̀ jáde, ó ní ọjọ́ mélòó ni mo ti gbé èyí kiri. Mo kà á fún un, mo ní ó ti wà níbẹ̀ kí n tó lọ wo Dára. Ó dúró. Ó ní ṣé mo fi ọwọ́ yìí kan ọ? Ó wá sọ fún mi pé ohun tó wà nínú ọyún yẹn, ojú lásán kì í rí i, pé lára tèmi, kò ju kí ọwọ́ wú lọ, ṣùgbọ́n lára ẹni tí oògùn ti pa ọmọ ogun rẹ̀, tí ó bá rí ojú ihò wọ ẹ̀jẹ̀, iná ni. Mo bi í pé ṣé èmi ni mo ṣe é. Ó ní òun ò lè búra, ẹnì kankan ò lè búra, ó lè jẹ́ láti ibòmíràn. Ṣùgbọ́n kò wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tó fẹ́ fi òwú olóòórùn ọtí nù ún, mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ mi fún un, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo tíì sọ ọ́ fún. Ó ní Bàbá, Mùsùlùmí ni èmi, ọtí ò kan ẹnu mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n nítorí ọmọ ọlọ́mọ, ojoojúmọ́ ni mò ń fi pa ọwọ́ títí awọ fi ń bó. Ó ní ìyàwó yín sọ pé kí ọwọ́ yín má pa ẹnì kan lára mọ́ ni, kò sọ pé kí ẹ jẹ́ kí ó pa ọmọ òun. Mo sunkún níwájú rẹ̀. Fàdílátù náà, Mùsùlùmí ni. Òun náà ń fi pa ọwọ́ nítorí tìrẹ, èmi bàbá rẹ ò fi pa á.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí ara rẹ balẹ̀ tí o pè mí, o sọ fún mi pé nígbà tí ibà náà le, Fàdílátù ló ń fi aṣọ tútù nù ọ́ lára, tó ń pe orúkọ rẹ kí o má baà sùn lọ, o wá ní o ò rí i mọ́, o bi mí pé ṣé mo mọ ibi tó wà. Mo ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Yọ̀mí ti sọ fún mi pé wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé nítorí ìwé ẹ̀sùn náà, ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ kí ọkàn rẹ má baà dàrú. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó tún pè mí tayọ̀tayọ̀, ó ní Ọjọ́bọ̀ yìí ni àwọn ọ̀gá máa jókòó lé e lórí, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, pé ọ̀rọ̀ tèmi ló sì wúwo jù nínú ìwé náà nítorí àgbàlagbà ni mí. Mi ò bínú sí Yọ̀mí. Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí àna rẹ̀ sọ ló gbà gbọ́. Mi ò ní oorun láti ọjọ́ náà, oúnjẹ sì ń korò lẹ́nu mi.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, jọ̀wọ́, ọmọ mi. Àbídéènì ń bọ̀ lọ́la, òun ló máa fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. Kà á fún Yọ̀mí, kó jókòó kí o tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé e lọ fún àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Tí ara rẹ kò bá tíì le tó, kí Yọ̀mí gbé e lọ, òun ló kọ ìwé àkọ́kọ́. Bẹ Àbídéènì kí ó bá mi mú owó mọ́tò padà lọ́jọ́rú, kí n lè wá dúró níwájú wọn fúnra mi, kí wọ́n rí ojú ẹni tó ṣe é. Má fi owó náà sínú fóònù o, nítorí èyí tí Yọ̀mí ní òun fi síbẹ̀ níjọ́sí, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà wò, bátìrì nìkan ni mo bá. Tí ó bá ṣẹ́ kù díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, fi owó páànù méjì kún un, òjò ti ń bá mi sùn lórí ẹní kan náà. Tí kò bá sí, páànù lè dúró. Owó mọ́tò ni kò lè dúró.

Tí o bá sì kà á tán tí o ní kí n má wá sí ilé rẹ mọ́, mi ò ní bá ọ jà. Tí o bá ní tí mo bá dé kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo kàn fẹ́ máa gbọ́ pé o ń mí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ lọ, mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ ọ́ fún ìyá rẹ títí ó fi lọ, mo wá ń kọ ọ́ sínú ìwé báyìí kí ó má tún bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọlọ́run yóò wò ọ́ sàn délẹ̀délẹ̀. Oògùn tó kù yóò jẹ́ fún ọ. Wàá padà sí kíláàsì rẹ, àwọn ọmọ á pariwo títí orí á fi fọ́ ọ, wàá sì dúpẹ́ pé orí fọ́ ọ. Ẹni tó ń pe orúkọ rẹ nínú ibà, Ọlọ́run má jẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ sọnù. Wàá sin mí, èmi ò ní sin ọ́.

Ohun kan tó kù ni pé Faransé ni àwọn ọ̀gá náà ń sọ, ìwọ lo máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Mo mọ̀ ọ́, ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ni ọ́, o sì mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bo àgbà láṣìírí. Má bò mí. Ibi tí mo kọ pé mo purọ́, má sọ fún wọn pé bàbá àgbà gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Mo purọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéníyì.